Kí Ni Wọ́n Fi Wé? Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Ìwádìí Fépù, Ṣíṣà àti Àwọn Arọ́pò Sìgá

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera. Ariwo pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ yìí. Ẹnìkan á ní fépù, ìyẹn sìgá oníbátìrì, kò léwu, ooru omi lásán ni. Ẹlòmíràn á ní ó burú ju sìgá lọ, pé ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló fi ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Àwọn méjèèjì á sì fi ìwádìí gbe ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀. Ìbéèrè kan wà tó máa ń tú irú ìjà bẹ́ẹ̀ ká, òun la ó sì máa bi gbogbo ìwádìí tí a bá mẹ́nu bà lónìí: kí ni wọ́n fi wé? Ṣé sìgá ni wọ́n fi fépù wé, àbí atẹ́gùn lásán? Ẹni tó fi í wé sìgá àti ẹni tó fi í wé atẹ́gùn lè wo ohun kan náà, kí ọ̀rọ̀ wọn takora, kí irọ́ má sì sí lẹ́nu ọ̀kankan nínú wọn.

Ọ̀dọ̀ sìgá la ó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni òṣùwọ̀n. Ní 1950, Richard Doll àti Austin Bradford Hill gbé ìwádìí jáde ní Lọ́ńdọ̀nù tó so sìgá mọ́ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa àwọn dókítà ọkùnrin 34,439 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìtọpa náà sì lọ títí di 2001. Àbájáde rẹ̀ ni pé ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sìgá láti ìgbà èwe tí kò sì jáwọ́ máa ń fi nǹkan bí ọdún 10 kú ṣáájú ẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò mu ún rí. Ẹni tó bá jáwọ́ ní ẹni 60 ọdún gba nǹkan bí ọdún 3 padà nínú rẹ̀. Ẹni 50 gba 6. Ẹni 40 gba 9. Ẹni 30 fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo rẹ̀. Bàbá tó ń sọ pé ọjọ́ ti lọ lórí òun, kí ó tún iye wọ̀nyẹn wò.

Kí ló ń pa wọ́n? Jíjó ewé ni. Bí ènìyàn bá fa sìgá, ẹnu iná rẹ̀ lè gbóná dé nǹkan bí 900°C. Nínú iná yẹn ni ewé tábà ti ń di kẹ́míkà tó lé ní 7,000, tí nǹkan bí 70 nínú wọn ń fa jẹjẹrẹ. Ibẹ̀ ni ọ̀dà dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀fóró ti ń wá. Ibẹ̀ náà ni carbon monoxide ti ń wá, afẹ́fẹ́ tó ń gba àyè ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn á fi máa ṣiṣẹ́ kọjá agbára rẹ̀.

Níkótíìnì ní tirẹ̀ ló ń so ènìyàn mọ́ ọn. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 20 tí a fa èéfín sínú, ó ti dé ọpọlọ. Lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí méjì, ìdajì rẹ̀ ti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè òmíràn. Ó ń mú kí ọkàn yára lù, ó ń gbé ìfúnpá sókè, kò dára fún oyún inú, kò sì dára fún ọpọlọ ọ̀dọ́, tó máa ń dàgbà títí di nǹkan bí ọdún 25. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tí sìgá ń fà. Orí ìyàtọ̀ yìí ni gbogbo arọ́pò sìgá dúró lé: ṣé a lè fún ènìyàn ní níkótíìnì láìjó ewé?

Hon Lik, apòògùn ará Ṣáínà, ló ṣe irú fépù tí ayé mọ̀ lónìí ní 2003. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò pọ̀. Bátìrì lithium wà, irú ti fóònù. Ilé omi wà, tàbí ike kékeré tí wọ́n ti rọ omi sí tẹ́lẹ̀. Wáyà kíká kan wà láàárín wọn, pẹ̀lú òwú tó ń fa omi mu. Bí ènìyàn bá fa á, bátìrì á gbé iná sí wáyà, wáyà á gbóná, omi inú òwú á sì di kùrukùru. Kò sí ewé tó jóná. Nítorí náà ni ọ̀dà àti carbon monoxide tó ń ti sìgá wá kò fi sí níbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pe kùrukùru yẹn ní ooru omi kò sọ òótọ́. Propylene glycol àti glycerin ló pọ̀ jù nínú omi fépù, níkótíìnì wà nínú èyí tó pọ̀ nínú wọn, adùn sì wà níbẹ̀: máńgòrò, mínítì, fàńílà, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ilé iṣẹ́ oúnjẹ ti ń lo ọ̀pọ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí tipẹ́. Inú ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, kì í ṣe ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n fi ń mí in, ẹ má jẹ́ kí olùtajà kankan da méjèèjì pọ̀ mọ́ yín lójú.

Agbára omi náà kò dọ́gba níbi gbogbo. Nílẹ̀ Yúróòpù àti nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin kò gbà kí níkótíìnì ju mílígíráàmù 20 lọ nínú mílílítà kan. Ilé omi kò gbọdọ̀ gbà ju mílílítà 2 lọ, ìgò omi ìrọ̀kún kò sì gbọdọ̀ ju mílílítà 10. Ní Amẹ́ríkà, Juul gbé tirẹ̀ jáde ní 2015 pẹ̀lú nǹkan bí mílígíráàmù 59 nínú mílílítà kan. Báwo ni ọ̀fun ṣe gba agbára tó tó bẹ́ẹ̀? Wọ́n fi ásíìdì benzoic sí i ni. Níkótíìnì tí a kò fi ásíìdì sí máa ń ta ọ̀fun, á mú kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n mu wúkọ́ títí yóò fi jù ú sílẹ̀. Ásíìdì yìí ló pa títa yẹn, ọmọ tí kò fọwọ́ kan sìgá rí wá lè fa agbára ńlá sínú láìwúkọ́. Ní 2019, ìdá 27.5 nínú 100 àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíráámà Amẹ́ríkà ló sọ pé àwọn lo fépù láàárín 30 ọjọ́ tó ṣáájú ìwádìí. Nígbà tó fi di 2024, ó ti lọ sílẹ̀ sí 7.8. Ìsọ̀kalẹ̀ yẹn dára, ṣùgbọ́n ásíìdì yẹn ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ fépù tí wọ́n ń tà káàkiri ayé.

Ẹ wo ìwádìí kan tó dá ìjà sílẹ̀. Ní oṣù kìíní 2015, àwọn olùwádìí ní Portland State University kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn ìṣègùn NEJM pé bí wọ́n bá gbé iná fépù sí fóòlù 5, formaldehyde tó ń fa jẹjẹrẹ á pọ̀ nínú kùrukùru rẹ̀, ó sì ju ti sìgá lọ ní ìṣirò wọn. Ìròyìn yìí tàn ká gbogbo ayé. Gbólóhùn tí ọ̀pọ̀ ìròyìn fò ni pé ní fóòlù 3.3, wọn kò rí i rárá. Konstantinos Farsalinos, dókítà ọkàn ará Gíríìsì, ní kí àwọn tó ń lo fépù lójoojúmọ́ wá dán irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wò lórí iná gíga. Wọ́n tú u dànù: òwú ti gbẹ, ó ń jó, kíkorò rẹ̀ kò ṣeé fàmu. Bí ìkòkò ọbẹ̀ tí omi rẹ̀ ti gbẹ ló rí: a lè gbé ọbẹ̀ jíjó náà lọ sí ilé àyẹ̀wò kí a rí májèlé nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò bù ú jẹ? Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ pín sí méjì o. Olùwádìí gbọ́dọ̀ lo ẹ̀rọ bí àwọn ènìyàn ṣe ń lò ó. Ẹni tó ń lò ó náà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òórùn jíjó kì í ṣe nǹkan kékeré. Bó bá ti gbọ́ ọ, kó dúró, kó pààrọ̀ wáyà àti òwú rẹ̀.

Ti irin yàtọ̀ sí ìyẹn. Ní 2018, àwọn olùwádìí Johns Hopkins gba fépù lọ́wọ́ àwọn 56 tó ń lò ó lójoojúmọ́ ní Baltimore, bí wọ́n ṣe ń lò ó nílé gan-an. Wọ́n yẹ omi inú ìgò ìrọ̀kún wò, lẹ́yìn náà wọ́n yẹ kùrukùru wò. Irin inú ìgò kéré. Irin inú kùrukùru pọ̀ jù ú lọ: òjé, chromium, nickel. Nǹkan bí ìdajì àwọn kùrukùru náà ló ní òjé tó kọjá ààlà ìlera tí EPA, àjọ àyíká Amẹ́ríkà, gbà láyè. Wáyà gbígbóná ni irin náà ti ń wá. Níhìn-ín kò sí ẹni tó gbé iná kọjá bó ṣe yẹ, nítorí náà àwáwí ọbẹ̀ jíjó kò sí. Omi inú ìgò àti ààlà yẹn ni wọ́n fi wé, kì í ṣe sìgá.

Lórí adùn, ọ̀rọ̀ diacetyl ni ẹ máa ń gbọ́, èyí tí wọ́n so mọ́ àrùn tí wọ́n ń pè ní ẹ̀dọ̀fóró gúgúrú. Kẹ́míkà tó ń fún gúgúrú ní òórùn bọ́tà ni. Ní 2000, wọ́n rí i pé àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ gúgúrú kan ní Missouri, tí wọ́n ń mí in lójoojúmọ́, ń ní àpá tó ń dí ọ̀nà atẹ́gùn kéékèèké nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ní 2015, àwọn olùwádìí Harvard yẹ adùn fépù 51 wò, wọ́n sì rí diacetyl nínú 39. Ìlú tó bá ní òfin lè lé e kúrò: ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kà á léèwọ̀ nínú omi fépù níkótíìnì. Ṣùgbọ́n níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè po omi fépù sínú ìgò kó sì tà á láìsí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, ta ló mọ ohun tó wà nínú ìgò yẹn?

Ìbéèrè ìgò yìí ló mú wa dé Amẹ́ríkà ní 2019. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà, àwọn dókítà ní Wisconsin àti Illinois bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn ọ̀dọ́ tí ara wọn le tẹ́lẹ̀ tí wọn kò lè mí dáadáa mọ́: ikọ́, àyà dídùn, ibà, èébì, ìgbẹ́ gbuuru, fọ́tò àyà wọn fi hàn pé ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì ti ṣú. Oògùn kòkòrò kò ràn wọ́n. Ohun tó pa wọ́n pọ̀ ni pé gbogbo wọn ló ń lo fépù. Nígbà tí CDC, àjọ tó ń dènà àrùn ní Amẹ́ríkà, dẹ́kun kíka iye wọn ní oṣù kejì 2020, ènìyàn 2,807 ni wọ́n ti dá dúró sí ilé ìwòsàn tàbí tó ti kú, 68 nínú wọn ló sì ti kú. Ìdajì wọn kò tíì ju ọmọ ọdún 24 lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Nínú àwọn tí wọ́n rí ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu wọn, ìdá 82 nínú 100 ló sọ pé àwọn fa fépù tó ní THC, èròjà igbó tó ń yí orí. Ìdá 14 ló ní níkótíìnì nìkan lòun lò. Àwọn olùwádìí CDC wá da omi sínú ẹ̀dọ̀fóró àwọn aláìsàn 51 láti ìpínlẹ̀ 16, wọ́n fà á jáde padà, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Nínú 48 ni wọ́n ti rí vitamin E acetate. Wọ́n ṣe bákan náà fún àwọn 99 tí ara wọn dá, kò sí i nínú ẹnì kankan. Òróró ni, ó ki, ó dàbí òróró igbó lójú. Àwọn tó ń ta ayédèrú ń fi í la òróró igbó kí ìgò lè kún, oníbàárà kò sì ní fura. Bí a bá fi pa ara tàbí tí a gbé e mì, kò ṣe nǹkan. Bí wáyà bá yọ́ ọ tó wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó lè pànìyàn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí òfin rẹ̀ kò gba fítámì kankan láyè nínú omi fépù níkótíìnì, kò rí irú àjàkálẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ pé ènìyàn 68 kú nítorí fépù, ó tọ̀nà, kò sì tọ̀nà. Ayédèrú fépù igbó ló pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìyẹn tu ara yín nínú, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Nínú èyí tí wọ́n ń tà láàárín àwọn mọ́tò tí gò-síló dá dúró l'Ékòó, ta ló ń yẹ ìgò wò?

Ó wá ku apá kejì ìbéèrè wa, nítorí ẹni tó ti ń mu sìgá kò dúró níbi atẹ́gùn. Ibi èéfín ló dúró. Peter Hajek àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Queen Mary University, Lọ́ńdọ̀nù, kó àwọn 886 tó fẹ́ jáwọ́ nínú sìgá jọ láti ibi ìtọ́jú ìjáwọ́ ti NHS, ètò ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n fi ìbò pín wọn sí méjì: apá kan gba fépù, apá kejì gba níkótíìnì oògùn: àlẹ̀mọ́ tí a ń lẹ̀ mọ́ ara, ṣingọ́ọ̀mù àti irú wọn. Lẹ́yìn ọdún kan, ìdá 18 nínú 100 àwọn onífépù ló ti jáwọ́; ti apá kejì jẹ́ 9.9. NEJM gbé e jáde ní 2019. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n ẹ ka ìsàlẹ̀ ìwé náà pẹ̀lú: nínú àwọn onífépù tó jáwọ́, ìdá 80 ló ṣì ń fa fépù lọ́dún kan lẹ́yìn náà, nínú apá kejì, ìdá 9 ló ṣì ń lo oògùn wọn. Wọ́n bọ́ lọ́wọ́ èéfín, wọn kò bọ́ lọ́wọ́ níkótíìnì. Ẹni tó bá ní ìyẹn kò tó nǹkan, kó rántí ọdún 10 àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Cochrane, tó máa ń kó gbogbo irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ jọ, sọ ní 2022 pé nínú ènìyàn 100 tó bá fi fépù níkótíìnì gbìyànjú, ó ṣeé ṣe kí 9 sí 14 jáwọ́. Nínú 100 tó lo àlẹ̀mọ́ àti ṣingọ́ọ̀mù, 6. Nínú 100 tí kò rí ìrànlọ́wọ́ kankan tàbí tó gba ìmọ̀ràn nìkan, 4. Ẹ rí i pé nínú èyí tó dára jù pàápàá, ọ̀pọ̀ ni kò rí i ṣe ní ìgbà àkọ́kọ́.

Ewu wá ńkọ́, fún ẹni tó pààrọ̀? Ìwádìí 2017 kan yẹ ìtọ̀ àti itọ́ àwọn 181 wò. Nínú àwọn tó ti fi sìgá sílẹ̀ fún fépù nìkan láti ìgbà pípẹ́, NNAL, àmì èròjà jẹjẹrẹ tábà kan, fi ìdá 97 nínú 100 kéré sí ti amusìgá. Nínú àwọn tó ń fa méjèèjì pọ̀, ìdínkù gidi kò sí. Ìwádìí Dundee ní 2019 mú amusìgá 114, ó rí i pé iṣan ẹ̀jẹ̀ àwọn tó bọ́ sórí fépù bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ dáadáa sí i láàárín oṣù kan. Ìyẹn kò sọ pé fépù dára fún iṣan ẹni tí kò mu sìgá rí. Kì í ṣe òun ni wọ́n fi wé.

Ẹni tó ń fa fépù ní ọ́fíìsì tó sì ń mu sìgá lálẹ́ ló yẹ ká bá sọ̀rọ̀ gan-an. Ó rò pé òun ti dín in kù. Ní 2018, àkójọ ìwádìí kan nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ fi hàn pé sìgá ẹyọ kan lójúmọ́ nìkan ń fa nǹkan bí ìdajì ewu àrùn ọkàn tí ogún lójúmọ́ ń fà. Nínú ọ̀rọ̀ ọkàn, láti ogún sí ẹyọ kan kò fún ọ ní ohun tí o rò. Láti ẹyọ kan sí òfo ni èrè wà.

Àwọn tó ń ṣàtakò fépù náà ti ṣìnà rí. Ní oṣù kẹfà 2019, ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ onímọ̀ ọkàn Amẹ́ríkà, JAHA, gbé ìwádìí kan jáde pé fépù ń fa ìkọlù ọkàn. Àwọn kan wo dátà rẹ̀, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn aláìsàn náà ti ní ìkọlù ọkàn kí wọ́n tó fọwọ́ kan fépù. Ní oṣù kejì 2020, wọ́n fa ìwé náà padà. Ní apá kejì, iye 95 tí Public Health England, àjọ ìlera ìjọba níbẹ̀ nígbà náà, kéde ní 2015, pé fépù fi ìdá 95 nínú 100 dín ní ewu sí sìgá, kì í ṣe ohun tí wọ́n wọ̀n nínú ara ẹnikẹ́ni. Àwọn onímọ̀ mélòó kan ló jókòó tí wọ́n fojú bù ú, ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet sì bá wọn wí fún un. Pé ewu rẹ̀ kéré sí ti sìgá, ẹ̀rí rẹ̀ lágbára. Pé 95 gan-an ni, ìyẹn kò ní ìdí. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró máa ń gba ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó jáde, àwọn tó ti fa fépù pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kò sì tíì pọ̀ láyé.

Ìdí nìyí tí ìjọba fi ń yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lórí ìwádìí kan náà. Brazil ti ka títà rẹ̀ léèwọ̀ láti 2009, wọ́n sì tún un sọ ní 2024. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2023 ṣèlérí láti fi fépù mílíọ̀nù kan ran amusìgá lọ́wọ́, síbẹ̀ láti ọjọ́ 1 oṣù kẹfà 2025 ó ti fòfin de èyí tí wọ́n ń lò sọnù. Ọ̀kan ń wo ọmọ tí kò mu sìgá rí, ìkejì ń wo àgbà tó ti ń mu ún. Ní Nàìjíríà, ìwádìí orílẹ̀-èdè 2012 fi hàn pé ìdá 5.6 nínú 100 àgbàlagbà ló ń lo tábà lọ́nà kan tàbí òmíràn. Èrò wa ni pé níbi tí àwọn tí kò mu ún ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, atẹ́gùn ni ká fi fépù wé kí á tó fi í wé sìgá.

Ṣíṣà kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí kò dín sí sìgá rárá. Wọ́n ní omi ń fọ èéfín. Omi ń tù ú ni, tí ènìyàn fi lè fa púpọ̀ sínú láìwúkọ́. Èédú ń jó lórí rẹ̀, èédú sì ni orísun carbon monoxide. Ẹni tó ń fa ṣíṣà nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ pa lè dákú. Ìjókòó kan lè tó wákàtí kan, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, sì sọ pé èéfín tí ènìyàn ń fà sínú nínú ìjókòó bẹ́ẹ̀ lè tó ti ọgọ́rùn-ún sìgá. Èyí tí wọ́n pè ní ti ewé lásán, tí kò ní tábà, èédú yẹn náà ló ń jó lórí rẹ̀. Ẹnu púpọ̀ lórí ọ̀pá kan tún wà níbẹ̀, èyí sì lè mú kí àrùn ràn láti ẹnu kan dé òmíràn.

Aáṣà àwọn àgbà wa kò ní èéfín lóòótọ́. Kán-ún tí wọ́n ń pò mọ́ ọn ń mú kí níkótíìnì tètè wọ ẹ̀jẹ̀ láti imú tàbí ẹnu. Èròjà jẹjẹrẹ tábà ṣì wà nínú rẹ̀, ẹnu àti ọ̀fun ni wọ́n sì ń mú. Bí egbò funfun tàbí pupa bá wà lẹ́nu tí kò san lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lọ rí dókítà eyín. Ti IQOS, tó ń mú tábà gbóná dé nǹkan bí 350°C láìjó o, FDA, àjọ oúnjẹ àti oògùn Amẹ́ríkà, gbà ní 2020 kí wọ́n sọ pé ó ń dín kẹ́míkà tó ń wọ ara kù, kò gbà kí wọ́n sọ pé ó ń dín àrùn kù. Ẹ fi ìyàtọ̀ yẹn sọ́kàn tí ẹ bá ń ka ìpolówó.

Ẹni tó fẹ́ jáwọ́ wá ńkọ́? Ní 2024 WHO gbé ìlànà ìtọ́jú jáde: àwọn oògùn varenicline, cytisine, bupropion, àti níkótíìnì oògùn, pẹ̀lú ìmọ̀ràn òṣìṣẹ́ ìlera. Fépù kò sí nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ fépù ni ènìyàn tó ń mu sìgá yàn síbẹ̀, kó mú ọjọ́ tí yóò fi sìgá sílẹ̀ pátápátá, kó má fi ìkan kún ìkan. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ omi sí wáyà tuntun, kó fi í sílẹ̀ ìṣẹ́jú 5 sí 10 kí òwú tó mu dáadáa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó máa jó. Bátìrì tí awọ rẹ̀ ti ya, kó má fi sínú àpò pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tàbí owó ẹyọ: irin á so ẹnu rẹ̀ méjèèjì pọ̀, á gbiná. Omi fépù gbọ́dọ̀ wà níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò tó. Ìwọ̀nba díẹ̀ lè mú ọmọdé èébì àti gìrì. Bó bá dà sára, omi àti ọṣẹ lójú ẹsẹ̀.

Àlẹ̀mọ́ níkótíìnì wọ́n, kò sì sí ní gbogbo ilé ìtajà oògùn, ṣùgbọ́n ó tọ́ láti béèrè. Ẹni tó ń mu ju sìgá 10 lọ lójúmọ́ á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mílígíráàmù 21 fún ọ̀sẹ̀ 6, 14 fún ọ̀sẹ̀ 2, 7 fún ọ̀sẹ̀ 2. Ẹni tí kò tó bẹ́ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ ní 14 fún ọ̀sẹ̀ 6, kó tó lo 7 fún ọ̀sẹ̀ 2. Ara tó gbẹ, tí kò nírun, ni kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́, kí ẹ pààrọ̀ ibẹ̀ lójoojúmọ́. Bí àlá bá ń dààmú yín, ẹ yọ ọ́ kí ẹ tó sùn. Aboyún àti ẹni tó ní àrùn ọkàn, kí wọ́n bá dókítà sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Àlẹ̀mọ́ pẹ̀lú ṣingọ́ọ̀mù pọ̀ sàn ju ọ̀kan lọ, ìwádìí ti fi ìdí èyí múlẹ̀. Ẹni tó bá mu sìgá àkọ́kọ́ láàárín ìṣẹ́jú 30 tó jí ni mílígíráàmù 4 tọ́ sí. Àwọn yòókù, 2. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ni pé wọ́n ń jẹ ẹ́ bí ṣingọ́ọ̀mù ọmọdé: níkótíìnì á bá itọ́ lọ sí ikùn, á mú òsúkè àti èébì wá, ohun tó dé ọpọlọ á sì kéré. Ẹ rún un díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi ta bí ata, ẹ tì í sáàárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti èrìgì, kí ẹ dúró. Bí títa náà bá lọ, ẹ tún un rún. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 ni ọ̀kan. Kọfí, ọsàn àti mínírà ní ásíìdì, ásíìdì kò jẹ́ kí ẹnu gba níkótíìnì wọlé; ìṣẹ́jú 15 ṣáájú rẹ̀ àti bó bá ṣe wà lẹ́nu, omi nìkan ni kí ẹ mu.